Bí A Ṣe Já Fíìmù Atukọ̀ Gbà

Yàrá mi lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì,
Ọ̀sán Ọjọ́ Àìkú.

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà,

Mo kí yín tìfẹ́tìfẹ́. Mo kí ọkọ yín, mo kí àwọn ọmọ, mo sì kí orúnkún yín ọ̀tún tó ń yọ yín lẹ́nu láti ìgbà òjò. Mo gbàgbọ́ pé ara gbogbo ilé le bí ọta. Tí ẹ bá bi mí léèrè, èmi náà wà pa. Mò ń jẹun, mò ń sùn, bàtà tí ẹ rà fún mi kò sì tíì já. Mo mọ̀ pé inú ń bí yín pé n kò kọ̀wé láti ìgbà tí mo ti kúrò lọ́dọ̀ yín. Ẹ bínú díẹ̀, kí ẹ sì dá ìyókù dúró, torí ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí yìí, tí mo bá pa á mọ́ra di ọ̀la, ikùn mi á bẹ́.

Ẹ̀gbọ́n mi, a gbà á! Fíìmù náà kò kú! Gbogbo wa la pawọ́ pọ̀ gbà á, àná ni àwọn ènìyàn sì wò ó, ohùn mi ṣì há títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Mo ti ń gbọ́ ohùn yín: "Ìwọ ọmọ yìí, ọ̀rọ̀ kì í fi ẹsẹ̀ wáyé, orí ni kó fi wá." Ó dáa, ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí.

Àwọn ará ilé ṣì rò pé eré ni mò ń ṣe níbí. Nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ yín, aládùúgbò yín tó ń ta ọṣẹ fà mí lọ sẹ́yìn ilé, ó ní ìgbà wo ni òun máa rí mi nínú tẹlifíṣọ̀n. Mo ní tó bá rí mi níbẹ̀, á jẹ́ pé wọ́n ti lé mi níṣẹ́ nìyẹn. N kì í ṣe eré, n kì í gé fíìmù, n kì í gbé kámẹ́rà. Àpótí kan ni mò ń tọ́jú. Gbogbo ohun tí àwọn oníkámẹ́rà bá yà, inú àpótí yẹn ló ń wọ̀, ibẹ̀ náà sì ni àwọn tó ń gé fíìmù ti ń mú un. Kò tóbi ju àpótí aṣọ kékeré lọ. Àwọn dísìkì tó ń gbé àwòrán pa mọ́ dúró nínú rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bí ìwé lórí pẹpẹ. Irin lásán ni lójú, ṣùgbọ́n nǹkan ń yí nínú wọn tọ̀sán-tòru. Tí ẹ bá fọwọ́ kàn wọ́n, ẹ ó rí i pé wọ́n lọ́ wọ́ọ́rọ́, wọ́n sì ń gbọ̀n jẹ́jẹ́, bí ikùn aboyún tí ọmọ ń mira nínú rẹ̀.

Àpótí yìí gbọ́n, ọgbọ́n rẹ̀ kò sì ṣàjèjì sí èmi àti ẹ̀yin. Ṣé ẹ rántí ọ̀gá ilé ìwé wa tó ń fi ìṣirò dá wa lóró? Á ní kí ọmọ mẹ́ta mú nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan sínú, kí ọmọ kẹrin mú àròpọ̀ gbogbo rẹ̀. Á wá lé ọ̀kan nínú wọn jáde, á ní, "Ẹni tó jáde yẹn, kí ló mú dání?" A ó ro ti àwọn tó kù, a ó yọ ọ́ kúrò nínú àròpọ̀, a ó sì mọ̀ ọ́n láì bi onítọ̀hún. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni àpótí mi ń ṣe. Ó ń pín àwòrán kọ̀ọ̀kan láàárín àwọn dísìkì, ó sì ń fi àròpọ̀ pa mọ́. Tí dísìkì kan bá kú, àwọn yòókù á ṣírò ohun tó wà lọ́wọ́ òkú, iṣẹ́ kò sì ní dúró. Ṣùgbọ́n ọ̀kan ṣoṣo ló lè fara dà. Tí ọmọ méjì bá jáde lẹ́ẹ̀kan náà, kí ni ẹ fẹ́ yọ kúrò nínú kí ni? Ó parí nìyẹn. Gbogbo rẹ̀ di ariwo.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí kàn jù ni Tíṣà. Olùkọ́ ni wọ́n tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó fi ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀ tí wọ́n gbé kámẹ́rà, ìdí nìyẹn tí a fi ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀, wọn kò sì tíì gbàgbé bí a ṣe ń fa ènìyàn létí. Fíìmù tí wọ́n ń ṣe dá lórí bàbá kan tó ń fi ọkọ̀ gbé ènìyàn kọjá odò. Tíṣà kó lọ sí etí odò yẹn, wọ́n ń yà á lọ́jọ́ òjò, lọ́jọ́ ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí odò kún, nígbà tí ó fà, títí tí wọ́n fi ṣí afárá tuntun. Ọjọ́ tí afárá ṣí ni iṣẹ́ ọkọ̀ kú. Wọ́n ti fi pákó ọkọ̀ kan ilẹ̀kùn, bàbá atukọ̀ sì ti kó wá sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ nínú ìlú yìí. Kò sí bí ẹnikẹ́ni ṣe lè tún un yà. Ta ni yóò lọ wó afárá nítorí fíìmù? Àwọn káàdì tó wà nínú kámẹ́rà nígbà yẹn ńkọ́? Tíṣà ti pa wọ́n rẹ́, wọ́n ti ya nǹkan mìíràn lé e. Ohun gbogbo wà nínú àpótí mi, ibẹ̀ nìkan ló sì wà. Ọ̀gá wa, obìnrin kúkúrú tó ni ilé iṣẹ́ yìí, ti sọ fún wọn pé kí wọ́n jẹ́ ká ṣe ẹ̀dà kejì. Tíṣà ní kí àwọn kọ́kọ́ parí gígé rẹ̀ ná.

Nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ yín ní ìsinmi ni òrùlé yàrá ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Wọ́n gbé àpótí mi kúrò níbẹ̀, wọ́n gbé e sínú kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì tó wà láàárín yàrá Aláwọ̀ àti yàrá Elétí. Aláwọ̀ ni ọkùnrin tó ń tún àwọ̀ fíìmù ṣe. Inú òkùnkùn ló ń gbé bí òwìwí, ògiri rẹ̀ dúdú, aṣọ rẹ̀ dúdú, tí ẹ bá wọlé tọ̀ ọ́ pẹ̀lú aṣọ pupa, á lé yín jáde pé ẹ̀ ń kun ojú òun. Elétí ni obìnrin tó ń tún ohùn ṣe. Ìyẹn, tí ẹ bá gbé itọ́ mì nínú yàrá rẹ̀, á yíjú wò yín. Àárín àwọn méjì yìí ni wọ́n gbé ẹ̀rọ tó ń tan iná tó sì ń ké sí.

Ọjọ́ Ajé tí mo padà síṣẹ́, mo lọ kí àpótí mi. Ẹ má rẹ́rìn-ín, mo máa ń kí i. Mo na ọwọ́ sí àwọn dísìkì lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹ̀yin náà ṣe máa ń fọwọ́ kan iwájú orí àwọn aláìsàn yín láàárọ̀. Àkọ́kọ́ lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó ń gbọ̀n. Èyí tó tẹ̀ lé e náà bẹ́ẹ̀. Mo dé àárín, ọwọ́ mi kan ohun tó tutù bí ọwọ́ ilẹ̀kùn. Kò gbọ̀n. Ohun tí ẹ sọ lọ́jọ́ tí mo bá yín lọ sí ilé ìgbẹ̀bí padà sọ́kàn mi: "Ọmọ tó ń ké kò tíì kàn ẹ́. Èyí tó dákẹ́ ni kí o sáré bá." Ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wo iwájú àpótí náà dáadáa. Kò sí iná kankan níbẹ̀. Téèpù dúdú ni wọ́n fi lẹ gbogbo rẹ̀ pa. Mo ya téèpù náà. Iná aláwọ̀ ewé, iná ewé, mo dé ti àárín, iná aláwọ̀ ọsàn ló ń ṣẹ́jú sí mi, bí ẹni tí wọ́n ti tì mọ́lé láti ọjọ́ pípẹ́.

Mo pariwo pé, "Ta ló bo ojú àpótí mi?" Aláwọ̀ yọ orí síta, ó ní, "Èmi ni. Iná ẹ yẹn ń kun ògiri mi. Mo tún ojú obìnrin kan ṣe títí, mo rò pé ibà ló ń ṣe é, àṣé iná ẹ ni!" Mo ní tí àpótí bá wá ń ṣàìsàn, báwo ni a ṣe máa mọ̀? Ó ní, "Ṣebí ó máa ń ké ni?" Elétí ti jáde nígbà yẹn. Ó dúró gbagidi. Ó ní, "Ó ké. Èmi ni mo pa á lẹ́nu mọ́. Ó ń ké bí òròmọdìẹ wọ inú ohùn tí mò ń gbà sílẹ̀. Mo ní ṣebí iná á tàn." Àwọn méjèèjì wá kọjú sí ara wọn. "Ìwọ lo pa á lẹ́nu mọ́?" "Ìwọ lo bò ó lójú?" Ẹ̀gbọ́n mi, tí kì í bá ṣe pé inú ń bí mi, ǹ bá ti dùbúlẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ilé iṣẹ́ wo ló tún wà láyé tí irú eléyìí ti lè ṣẹlẹ̀? Ẹ sì dúró ná. Àpótí náà tún máa ń fi ímeèlì ránṣẹ́ tí nǹkan bá ṣe é. Mo lọ wò ó. Ọkùnrin tó ṣe iṣẹ́ yìí ṣáájú mi ló ṣì ń kọ ọ́ sí, ìyẹn sì ti lọ ń ta táyà. Aláìsàn tí wọ́n bò lójú, tí wọ́n pa lẹ́nu mọ́, tó wá ń kọ̀wé sí dókítà tó ti kó lọ.

Ọ̀gá wa dé, wọn kò pariwo. Wọ́n kàn bi mí pé ìgbà wo ló kú. Mo wo àkọsílẹ̀ ẹ̀rọ, mo ní kété tí wọ́n gbé e kúrò níbi tó wà ni, ó jọ pé ó fara gbá nǹkan lọ́nà. Láti ọjọ́ náà ni àwọn yòókù ti ń ṣe ìṣirò fún òkú, tí gbogbo ilé sì ń gé fíìmù lọ bí ẹni pé kò sí nǹkan. Ọ̀gá ní, "Kí ló wá kù tó dúró láàárín àwa àti òfò?" Mo ní, "Kò ku nǹkan kan, Ọ̀gá. Tí òmíràn bá ṣubú, fíìmù Tíṣà ti lọ."

Ohun àkọ́kọ́ tí mo ṣe ni pé mo ní kí gbogbo ènìyàn gbé ọwọ́ kúrò nínú iṣẹ́, kí a má baà fi kún ìnira àpótí. Gbogbo wọn gbà, àfi Tíṣà. Wọ́n ní ọjọ́ tí àwọn máa fi fíìmù náà han aráyé ti sún mọ́lé, kí n jẹ́ kí àwọn parí ibi tí àwọn dé. Mo ní rárá. Wọ́n ní, "Ta ló ni fíìmù?" Mo ní, "Ẹ̀yin lẹ ni ín. Tí ẹ bá fọwọ́ kàn án lónìí, ó lè má sí ohun tí ẹ máa ni mọ́." Wọ́n tún gbé ọwọ́ lé bọ́tìnnì ẹ̀rọ wọn. Mo tẹ̀ wọ abẹ́ tábìlì, mo fa wáyà wọn yọ. Tíṣà wò mí látòkè délẹ̀, wọ́n ní, "Ṣé ọmọ yìí ò níyàá ni?" Mo ní, "Mo níyàá, mà, mo tún ní ẹ̀gbọ́n tó le ju ìyá lọ." Ẹ má bínú, ẹ̀yin ni mo fi dẹ́rù bà wọ́n. Orúkọ tí wọ́n ń pè mí níbí ni Akọ Òkúta, ọjọ́ yẹn ni mo jẹ ẹ́ ní àjẹyó.

Aláwọ̀ ni kò lè jókòó. Ojú ń tì í, ló bá sáré jáde lọ ra dísìkì tuntun. Ọ̀kan ṣoṣo tó wà ní ṣọ́ọ̀bù ló gbé bọ̀, ó ń mí hẹlẹ hẹlẹ, ó ní kí n yáa fi rọ́pò òkú. Mo ní kó fara balẹ̀. Gbogbo àwọn dísìkì yìí, ọjọ́ kan náà ni wọ́n rà wọ́n, inú páálí kan náà ni wọ́n ti jáde, ọjọ́ orí kan náà ni wọ́n. Tí a bá fi tuntun rọ́pò òkú báyìí, àwọn tó kù gbọ́dọ̀ ka ohun tó wà lára wọn sókè látìbẹ̀rẹ̀ dópin, kí tuntun lè kọ́ ohun tí òkú mọ̀. Ẹni tó bá ti rẹ̀ nínú wọn, ẹnu iṣẹ́ yẹn ló máa ṣubú sí. Mo ní ká kọ́kọ́ kó fíìmù Tíṣà jáde síbòmíràn ná, ká tó dán nǹkan mìíràn wò. Ọ̀gá ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni òun rò.

A bẹ̀rẹ̀. Ó ń kó o, ó ń kó o, a ti ń pàtẹ́wọ́. Lójijì ló dúró. A gbọ́ ohùn kan nínú àpótí: kọ̀. Ó dákẹ́. Kọ̀, kọ̀. Mo bi àpótí léèrè lójú kọ̀ǹpútà, ó ní ara gbogbo àwọn tó kù le koko. Irọ́ ńlá! Òmíràn ti ń kú lọ lójú wa, a kò sì mọ èwo. Mo ní èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkú ni, torí ohun tó bá kọlu ẹnì kan kì í jìnnà sí aládùúgbò rẹ̀. Mo búra. Elétí lọ mú máíkì rẹ̀ tó kéré bí èkùrọ́, ó ń gbé e lé àwọn dísìkì lọ́kọ̀ọ̀kan, ó dijú bí ẹni tó ń gbàdúrà. Ó ní, "Èyí tó wà ní ìpẹ̀kun ni." Mo ní kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní èmi ni mo ń tọ́jú wọn. Ó ní òun lòun ń gbọ́ wọn. Ó bọ́ ohun tó fi bo etí, ó fi bò mí létí tipátipá. Èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkú ń kùn geere bí oyin. Ó gbé máíkì lọ sí ti ìpẹ̀kun: kọ̀! Mo mi orí pé òótọ́ ni. Ó gba nǹkan ẹ̀ kúrò lórí mi, ó ní, "Ẹ bá mi wo òde bóyá òjò ń rọ̀, Akọ Òkúta ti gbà!"

Ọ̀gá mú dísìkì tuntun náà lọ́wọ́, wọ́n ń yí i síwá sẹ́yìn. Wọ́n ní, "Ẹyọ kan la ní. Ṣé òkú la fẹ́ fi rọ́pò, àbí ẹni tó ń kú lọ?" Inú mi dùn sí ìbéèrè yẹn, torí ó ti wà lẹ́nu èmi náà. Òkú ti kú, àwọn yòókù ṣì lè ṣírò ohun tó mọ̀. Ẹni tó ń kú lọ yìí ni kò gbọ́dọ̀ lọ láì sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. A pa àpótí, mo yọ dísìkì tó ń ké náà, mo so òun àti tuntun pọ̀ mọ́ kọ̀ǹpútà kékeré mi, kí èyí máa sọ, kí ìyẹn máa kọ.

Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi bí a ṣe ṣe ìyókù, bí ẹ kò tiẹ̀ mọ̀. Ṣé ẹ rí ọmọ tó ń bì, ẹ kì í da omi sí i lọ́fun, ṣíbí kan ṣíbí kan lẹ fi ń bù ú. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe fún dísìkì yẹn. Mo ní kí ẹ̀rọ gba èyí tó bá rọrùn ná. Ibi tó bá ti kọsẹ̀, kí ó má dà á láàmú, kí ó fò ó, a ó padà wá síbẹ̀. Ojú kọ̀ǹpútà kún fún igun mẹ́rin kéékèèké funfun. Èyí tí a bá rí gbà á di ewé, èyí tó bá kọ̀ á di pupa. Aláwọ̀ gbé fáànù yàrá rẹ̀ wá, ó ń fẹ́ ẹ sí i lára, òógùn ń bọ́ lára òun fúnra rẹ̀. Tíṣà jókòó sílẹ̀, wọ́n fẹ̀yìn ti ògiri, wọn kò wo ẹnikẹ́ni. Tí ewé bá pọ̀, gbogbo wa á mí. Tí pupa bá yọ, Aláwọ̀ á sún fáànù mọ́ ọn sí i. Ẹ wò ó, mo ti wo bọ́ọ̀lù rí, n kò rí èyí tó dùn tó yẹn.

Àlọ àkọ́kọ́ parí, pupa ṣì wà káàkiri bí èèyi. A jẹ́ kí dísìkì náà sinmi, kí ara rẹ̀ tutù. A padà sí àwọn ibi pupa, ó yọ̀ǹda ọ̀pọ̀ rẹ̀. A tún padà, ó tún yọ̀ǹda díẹ̀. Mo ti ń bá a sọ̀rọ̀ nígbà yẹn, mo ń ní, "Jọ̀ọ́, bàbá mi, ó ku díẹ̀." Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ó ku bíńtín ní igun kan nígbà tó ké kọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tó yí wàràwàrà, tó dúró. Kò tún yí mọ́. Ṣùgbọ́n ó ti sọ tirẹ̀! Mo gbé tuntun sí àyè rẹ̀ nínú àpótí, mo tan án. A dúró. N kò mọ̀ pé mo di ọwọ́ Ọ̀gá mú títí wọ́n fi ní, "Ọmọkùnrin, ìka mi." Iná ewé yọ, òmíràn yọ, òmíràn yọ. Àpótí náà ṣí. Aláwọ̀ ló kọ́kọ́ kígbe, ó gbé Elétí sókè, Elétí ń nà án lórí pé kó sọ òun sílẹ̀, òun náà sì ń rẹ́rìn-ín. Kíá ni mo kó fíìmù Tíṣà sí ibi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Nígbà tí dísìkì tuntun mìíràn dé lẹ́yìn náà, a fi rọ́pò òkú àkọ́kọ́, àwọn yòókù kà fún un, ara gbogbo wọn sì le.

Ẹ má tíì jó. Pupa bíńtín yẹn bọ́ sórí nǹkan kan. A wo fíìmù náà látòkè délẹ̀, ó pé, àfi ibì kan ṣoṣo tí àwòrán ti fọ́ yángá. Tíṣà mọ ibẹ̀ kí n tó sọ. Ìdájí kan ni, ìkùukùu bo odò, bàbá atukọ̀ nìkan nínú ọkọ̀, ó ń lọ gbé ẹnì kan tí kò rí lódìkejì. Wọ́n ní nínú gbogbo ohun tí àwọn yà, òun ni àwọn fẹ́ràn jù. Mo gbìyànjú, Ọ̀gá gbìyànjú, kò sí i mọ́. Tíṣà kò sunkún. Wọ́n kàn ń fi ìka pa ojú tábìlì bí ẹni tó ń nu ṣọ́ọ̀kì. Elétí wá fọhùn láti ẹnu ilẹ̀kùn pé ohùn ibẹ̀ wà lọ́wọ́ òun. Ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń gba ohùn, ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń ya àwòrán, èmi gan-an gbàgbé! Ó ti kó ohùn náà sọ́dọ̀ ara rẹ̀ láti fọ ariwo kúrò nínú rẹ̀. Ó fi sí i, Aláwọ̀ pa iná, a gbọ́ ọ nínú òkùnkùn. Nígbà tó tán, Tíṣà ní, "Ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kí ojú fíìmù ṣókùnkùn, kí ohùn máa lọ."

Àná ni wọ́n fi í hàn ní gbọ̀ngàn. Ènìyàn kún dé ẹnu ọ̀nà. Tíṣà fi bàbá atukọ̀ sí ìjókòó iwájú, bàbá wọ fìlà tuntun, ọmọ wọn jókòó tì wọ́n. Èmi dúró lẹ́yìn. Fíìmù ń lọ, ó dé ibẹ̀. Ojú rẹ̀ ṣókùnkùn birimù. Ẹnì kan súfèé, òmíràn ní iná ti lọ, mo sì ti fẹ́ kígbe mọ́ wọn. A wá gbọ́ omi tó ń lá etí ọkọ̀. Láti ọ̀nà jíjìn, láti òdìkejì odò, ohùn obìnrin kan ké pé, "Ọlọ́kọ̀ o! Ọlọ́kọ̀ o!"

Bàbá náà fò dìde nínú òkùnkùn. Wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu, wọ́n ké tagbára-tagbára pé, "Mò ń bọ̀ o! Má tẹsẹ̀ bọ omi!"

Kí ẹnikẹ́ni tó mí, ohùn tiwọn, ti ìgbà tí odò ṣì jẹ́ tiwọn, dáhùn láti inú fíìmù: "Mò ń bọ̀ o! Má tẹsẹ̀ bọ omi!"

Ẹ̀gbọ́n mi, gbọ̀ngàn wó! Gbogbo ènìyàn dìde, wọ́n ń ké, wọ́n ń lu àga. Èmi náà ké títí ohùn mi fi lọ. Tíṣà wá mi dé ẹ̀yìn, wọ́n fà mí létí, wọ́n fà á dáadáa.

Kí Ọlọ́run bá mi tọ́jú yín. Kí ọwọ́ tí ẹ fi ń gbẹ̀bí má ṣe gbọ̀n láé, kí ẹ má ṣe bá ọmọ tó dákẹ́ pàdé láì rí ọgbọ́n tí ẹ máa fi jí i. Kí orúnkún yín san, kí àwọn ọmọ yín gbọ́ràn ju èmi lọ. Ẹ bá mi kí Màmá, ẹ sọ fún wọn pé mò ń jẹun.

Èmi ni àbúrò yín tó fẹ́ràn yín, tí kì í tètè gbà.

Mo gbàgbé: gbogbo àwòrán àwọn ọmọ tí ẹ ti gbẹ̀bí wọn, inú fóònù yín kan ṣoṣo ló wà, fóònù tí gíláàsì rẹ̀ ti sán. Mò ń bọ̀ ní òpin oṣù láti kó wọn sí ibi méjì. Ẹ má wulẹ̀ bá mi jiyàn, mo ti ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀.